Àdúrà Tí Màámi Gbà fún Dókítà

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún kòrónà, tí dókítà yẹ màámi wò lórí fóònù nílé wa ní Springdale nílùú òyìnbó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé láàárọ̀ ni, ẹsẹ̀ mi ti wú. Ikọ́ ti ń ṣe màámi láti ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọsibítù ń bà mí, torí mo mọ ohun tí mò ń rí níbẹ̀. Mo gbé fóònù ti ìgò omi níwájú wọn, mo bomú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń túmọ̀.

Dókítà, òyìnbó kan tó ti rẹ̀ bó ṣe rẹ̀ mí, béèrè bí ara ṣe rí.

"A dúpẹ́."

Ó ní ṣé wọ́n ń mí dáadáa.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún un."

"Kí n wá máa ráhùn sí ọmọ ọlọ́mọ létí? Ìwọ ṣáà túmọ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa sinmi. Bó ṣe fẹ́ pa fóònù, màámi ní àwọn gbọ́dọ̀ ṣàdúrà fún un.

"Iṣẹ́ ò ní… pa ẹ́. O ò ní… sunkún… ọmọ…"

Dókítà sún mọ́ fóònù. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí èémí ṣe ń já. Ó ní kí n pe áńbúláǹsì kíákíá.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni màámi lò lọ́sibítù pẹ̀lú rọ́bà ọ́síjìn nímú. Bí wọ́n ṣe délé, wọ́n ní kí n pe dókítà, àdúrà àwọn ò tíì parí. Wọ́n gbà á lọ geere, wọn ò dánu dúró. Èmi ni oorun gbé lọ kí wọ́n tó dé àmín.