Èènì Kò Sí Nínú Ìwé Wọn

Èmi tí mi ò jókòó nínú kíláàsì rí láyé mi, èmi náà ni wọ́n wá ń pè ní tíṣà ní Èrúwà níbí. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, má rẹ́rìn-ín, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé girama ẹ̀yìn ilé wa, obìnrin ni, ló wá bá mi pé òun fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń múra àtijáde mọ òwò ṣe. Gàrí tí mo ti ń ṣe tà láti kékeré ni wọ́n yàn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ó kọ́ wọn." Ó wá kìlọ̀ fún wọn lójú mi pé ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo ni òun fún wọn. Bí gàrí bá fi padà wálé pẹ́nrẹ́n, òwò náà parí nìyẹn.

A bó ẹ̀gẹ́, a lọ̀ ọ́, a gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ fi ro tán. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jọ̀ ọ́, àti bí igbá ṣe ń rìn nínú agbada kí gàrí má baà jóná. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe olórí, ẹlẹ́nu ṣóṣóró kan báyìí, ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Gàrí wa funfun, ó gbẹ táútáú.

Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n ní kí n má dá sí i. Mo jókòó ti aláta kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ yìí bu gàrí kún kóńgò, ó fa rúlà yọ, ó fi rẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìyá tó ń rajà la ẹnu àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró. Ọmọ ń wò ó, òun náà ń wo ọmọ.

"Èènì mi ńkọ́?"

"A ti wọ̀n ọ́n, ó pé, mà."

"Oògùn ikọ́ lò ń wọ̀n fún mi ni?" Ó da gàrí padà sínú bàsíà, ó bá tiẹ̀ lọ. Bí àwọn mìíràn ṣe ṣe náà nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sán, bàsíà ṣì kún.

Ọmọ náà wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ta ló kọ́ èmi? Láti ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ti ń rí i. Mi ò mọ̀ pé ó jẹ́ ohun tí à ń kọ́ èèyàn.

"Èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ mi."

"Ṣé a ò ní pàdánù báyìí?"

"Kí o tó kúrò nílé lo ti máa yọ èènì sọ́tọ̀ lọ́kàn rẹ. Ẹni tó bá gbà á lónìí, ìwọ ni yóò máa wá kiri lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀kúnwọ́ tèmi àbí tiyín?"

"Tìrẹ ni. Tèmi ti tóbi jù."

Ó ti rúlà bọ àpò. Ó ń ké sí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àárọ̀ náà padà wá, ó ń kùn, ó sì rà.

Nígbà tí ọ̀gá wọn dé nírọ̀lẹ́, kóńgò kan péré ló kù. Ó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún òun. Wọ́n dà á sínú àpò tán, ọ̀gá ò pa ẹnu àpò dé. Àṣé ọmọ náà ti bu díẹ̀ pa mọ́ sínú abọ́ kékeré kan. Ó bù ú lé e fún un.

Ọ̀gá di àpò rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Màmá, ọ̀dọ̀ ta la ó ti ra ẹ̀gẹ́ tọjà tó ń bọ̀?"