Ọjọ́ Tí Mo Sọ Pé Kò Sí Iyọ̀ Nínú Omi

Omi náà tutù. Ìyá àgbà fi igbá kékeré bù ú létí ọ̀sà, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì di ọwọ́ mi mú kí ó má baà jò. Ó bu tirẹ̀ sẹ́nu. Ó pa ojú dé, ó yí omi náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó tu ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Tọ́ ọ wò. Kí lo bá níbẹ̀?"

"Iyọ̀ ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n kò tó ti àná."

"Ó dáa. Tu ú dànù, má gbé e mì. Ìyá rẹ á ní mo fẹ́ pa òun lọ́mọ."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bí ọmọ tèmi bá gbé omi ọ̀sà Cotonou sẹ́nu lónìí, ilé ìwòsàn ni màá gbé e lọ, mi ò ní í dúró bi í bóyá ó níyọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èmi àti ìyá tó bí ìyá mi ń ṣe ní àràárọ̀ nìyẹn, tí òjò àrọ̀kúrò bá ti bẹ̀rẹ̀. Òdìkejì afárá là ń gbé, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo ọjà Dantokpa kí a tó rí i: pákó tí wọ́n ń jù sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ dáhùn, àwọn obìnrin tó ń pe ara wọn láti inú ọkọ̀ ojú omi. Èéfín igi ọ̀pẹ àti òórùn ẹrẹ̀ máa ń dé bá wa níbẹ̀.

Etí odò Wémè ni wọ́n bí ìyá àgbà sí. Kí ó tó mọ irun dì ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìgèrè, agbọ̀n gígùn tí ẹja ń wọ̀ tí kò lè jáde. Bàbá àgbà, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ló fẹ́ ẹ wá sí Cotonou. Bàbá ti kú kí n tó mọ ojú, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò kúrò létí omi. Ojoojúmọ́ ló ń hun ìgèrè lábẹ́ igi àgbọn, tí imọ̀ ọ̀pẹ ń dún ṣákáṣáká lọ́wọ́ rẹ̀, tí èmi sì ń da ìbéèrè bò ó.

"Abéèrè kì í ṣìnà," ni yóò wí, "ṣùgbọ́n abéèrè tìrẹ kì í jẹ́ kí á tètè délé."

Òun náà ló ṣàlàyé omi fún mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a máa wọ inú ọ̀sà, omi á níyọ̀, akàn á sì gba gbogbo ibẹ̀. Tí àrọ̀kúrò bá rọ̀ tó, odò á kún láti òkè, á ti òkun padà, ẹja ọ̀bọ̀kún á sì bá omi dídùn náà sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ri ìgèrè sómi kí iyọ̀ tó lọ, akàn ló máa bá níbẹ̀, akàn á sì gé okùn àti imọ̀ jẹ. Nítorí náà, kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tó ń sọ ìgèrè sómi títí ìyá àgbà yóò fi sọ pé, "Omi ti yí." Mo bi í pé ṣé àwọ̀ omi kò tó ni, torí mo rí i pé ó máa ń pọ́n. Ó ní ojú a máa tan ni jẹ, ahọ́n ló ń sọ òótọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé bí olùkọ́ ṣe ń dán ọmọ wò ló ṣe máa ń jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi ra ẹja oníyọ̀ kan wálé, èyí tí wọ́n máa ń já díẹ̀díẹ̀ sí ọbẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára ìkòkò tí wọ́n bò ó mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan, kí ìyá àgbà tó pè mí, mo ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò náà, mo já ìwọ̀n ìka kan, mo fi í sábẹ́ ahọ́n, mo ń mu ún títí a fi dé etí omi. Mo gbé e mì nígbà tí ó na igbá sí mi.

"Kí lo bá níbẹ̀?"

Mo tọ́ ọ wò. Mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Kò níyọ̀, Ìyá. Kò níyọ̀ rárá."

Ó tu tirẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra. Kí oòrùn tó mú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé omi ti yí. Àwọn ọkùnrin ń gbé ìgèrè kọjá lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà ń gbà lára ọpẹ́ ọ̀hún.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa fa àwọn ìgèrè rẹ̀ wálé lórí ọkọ̀. Wọ́n ti fà ya bí aṣọ àkísà. Akàn méjì ṣì so mọ́ ọ̀kan. Ó kí ìyá àgbà dáadáa, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá, bọ̀n, kò burú, ọdún yìí omi tàn wá." Ṣùgbọ́n ní ìdí kànga, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì pé ìyá ti dàgbà jù, pé lọ́dún tó ń bọ̀ kí olúkúlùkù máa wo omi tirẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Mo mọ̀ pé ẹja oníyọ̀ ló ba ahọ́n mi jẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ń jẹ mí lọ́kàn ju ìtìjú lọ: ìyá àgbà náà gbé omi sẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Òun kò jí ẹja jẹ. Kí ló dé tí kò mọ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo rántí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti tọ́ ọbẹ̀ wò fúnra rẹ̀ kẹ́yìn. Èmi ló máa ń pè. Mo rántí pé ó jẹ ẹ̀wà tó jóná tán láìsọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo po ẹ̀kọ mímu fún un. Dípò ṣúgà, mo bu iyọ̀ sí i, ṣíbí mẹ́ta tó kún. Mo gbé e fún un, mo sì dúró. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mu ún títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó nu ẹnu.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó dùn."

Mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ẹja oníyọ̀ àti iyọ̀ inú ẹ̀kọ. Mo rò pé ó máa na mí. Ó fi ìka kan kó èyí tó kù nídìí abọ́ lá, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

"Láti ìgbà àìsàn èṣí ni," ó ní. "Mo rò pé á padà. Ìwọ ló ń bá mi tọ́ ọ wò láti ìgbà náà. Mi ò sọ fún ọ, torí ọ̀rọ̀ omi yìí nìkan ló kù tí wọ́n fi ń kí mi níbí."

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, Ìyá."

"Ìgèrè àwọn ènìyàn ti ya. Èmi ni màá sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe gbogbo ará àdúgbò sábẹ́ igi àgbọn. Ó sọ fún wọn pé ahọ́n òun ti kú, pé òun fi í pamọ́, pé ẹ̀bi òun ni, òun yóò sì bá wọn tún ìgèrè hun. Kò dárúkọ ẹja oníyọ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń retí pé ó máa dé ibẹ̀, kò débẹ̀. Ó kàn fa ọwọ́ mi, ó ní, "Ọmọ yìí ló ń gbọ́ omi báyìí. Ẹ bi í." Bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé wa wò mí, ó wo ìyá. "Dakọ́ọ̀, Ìyá, a ti gbà," ó ní, ó sì jókòó, ó fa imọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà kì í jẹ́ kí n tọ́ omi wò kí n tó fi omi kànga ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kí iyọ̀ tó lọ. Mo tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, mo tún tọ́ ọ wò kí n tó lanu. Ọ̀bọ̀kún wá lọ́dún yẹn bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Àṣà wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í ta ẹja kankan kí ìkòkò ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò lórí iná; ilé kọ̀ọ̀kan á mú ẹja kan wá, a ó sì sè é pọ̀. Ìyá àgbà fi eérú nu ohun yíyọ̀ ara ẹja kúrò, ó gé ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó da epo síná títí òórùn rẹ̀ fi gba àgbàlá. Ata, tòmátì, ewé efinrin. Òun ló máa ń fi iyọ̀ sí i látẹ̀yìnwá. Lọ́jọ́ yẹn ó gbé abọ́ iyọ̀ lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí a jókòó ti ọbẹ̀ àti àkàsà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé, ó ju òkèlè kan sẹ́nu, ó rọra yí sí ọ̀dọ̀ mi.

"Sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́. Mo ní ata kọ́kọ́ ta mí létè, epo wá tù ú. Mo ní efinrin ń gba imú jáde. Ó ń jẹun lọ, ó ń mi orí. Bí a ṣe ń jẹun nìyẹn títí ó fi kú.

Godomey ni mò ń gbé báyìí, ilé-ìwé ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá mú ẹjọ́ ọmọ kan wá bá mi, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni mo ti jẹ kí n tó dé ibẹ̀, tó lè tan ahọ́n mi jẹ. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń ṣan ẹnu kí n tó tọ́ ọbẹ̀ wò, bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Mo jẹ́ kí ó máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra ọ̀bọ̀kún tútù ní Dantokpa, mo sè é. Ọmọbìnrin mi wọlé bá mi nídìí iná, ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí.

"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ̀rọ̀ sókè. Mo ní kó máa gbé abọ́ wá. Nígbà tí ó jáde, mo parí ohun tí mò ń sọ: ata rẹ̀ kò pọ̀ jù, Ìyá, ẹja náà rọ̀ dáadáa, iyọ̀ rẹ̀ sì ti tó.