Oríkèé Tí Kò Gba Gọ́ọ̀mù

Òórùn igi kédárì ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mórì ní àárọ̀ Sátidé yẹn, kí ooru híta tó kàn wá lójú. Yìnyín ti wọ inú bàtà mi láti ibi tí bọ́ọ̀sì já wa sí. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, a ò tíì pé ọdún kan ní Rexdale, ní Kánádà. Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí Bàbá Mórì bá gba oríkèé igi tí bàbá mi ṣe, wọ́n ti ríṣẹ́. Bí wọn ò bá gbà á, wọ́n á padà sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹran sínú páálí, níbi tí òtútù ti ń sọ ìka wọn di dúdú.

Ọ̀gá káfíńtà ni bàbá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Abẹ́ àtíbàbà wọn ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi, tí ariwo ayùn ń bò mí létí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n kan tí gbogbo káfíńtà àdúgbò wa mọ̀: bí pákó méjì kò bá pa ojú dé, po lẹ́búlẹ́bú tí ayùn fi sílẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, fi dí àlàfo náà, fi sáńpépà họ ọ́. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Bàbá Mórì, arúgbó ará Jàpáànì tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, kì í lo ìṣó, wọn kì í lo gọ́ọ̀mù. Wọ́n á gé orí ìtì igi méjì bí eyín tó fẹ́ bu ara wọn jẹ, wọ́n á ti ọ̀kan bọ inú èkejì, wọ́n á wá gbá èèkàn igi líle kan sí àárín. Èèkàn yẹn ló ń fún gbogbo rẹ̀ pa. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tó dúró lórí irú igi bẹ́ẹ̀ tí kò sì dún. Bàbá mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé wọ́n ń fi òwe kan náà jí wa: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gé oríkèé ìdánwò wọn.

Ní ọ̀sán Fúráìdé tó ṣáájú, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù náà láti ilé ìwé, mo bá oríkèé náà lórí tábìlì. Bàbá mi àti Bàbá Mórì ń kó pákó wọlé lẹ́yìn. Mo rí àlàfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn náà, tín-ín-rín bí irun. Mo rò pé bàbá mi ti ṣe àṣìṣe. Gọ́ọ̀mù wà nínú ike lórí pẹpẹ, èyí tí wọ́n fi ń lẹ páálí. Mo po ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú, mo fi ìka dí àlàfo náà, mo họ ọ́. Mo sùn bí ẹni tó gba bàbá rẹ̀ là.

Ní Sátidé, Bàbá Mórì kò dúró lórí igi náà. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n gbé òòlù onígi fún bàbá mi. "Tú u," ni wọ́n wí.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń tú u. Oríkèé tí kò ṣeé tú, kò sí bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ṣe tún un ṣe.

Bàbá mi gbá èèkàn náà. Kò mì. Wọ́n tún gbá a. Igi náà dún, irú dídún tí káfíńtà kì í fẹ́ gbọ́. Òógùn bo iwájú orí wọn.

"Gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀," Bàbá Mórì wí.

"Rárá, sà," bàbá mi fèsì.

Bàbá mi wo igi, wọ́n wá wo mí. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ funfun sí ìka mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ọ́.

"Èmi ni, sà," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀rù ló bà mí."

Bàbá Mórì mú ayùn, wọ́n gé oríkèé náà dànù. Wọ́n nawọ́ pákó tuntun sí bàbá mi. "Ṣe òmíràn. Oṣù mẹ́ta."

Mo ń retí ìgbátí ní ibùdókọ̀. Kò dé. Bàbá mi kàn ní, "Wálé, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo yẹn sílẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni igi yóò wú sí ní sọ́mà, nígbà ooru. Bí o bá tún rí i, pè mí." Wọ́n padà sídìí ẹran fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ń gé igi ní Sátidé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Mórì gbà wọ́n síṣẹ́. A ò sọ ọ́ mọ́ títí bàbá mi fi kú.

Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún, lórí bẹ́ẹ̀dì tí bàbá mi ṣe fún ìgbéyàwó wa, tí kò ní ìṣó kankan. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Tóyìn, gọ́ọ̀mù ọjọ́ náà ló ṣì lẹ̀ mọ́ yín lẹ́nu tí ẹ kì í fi í sọ̀rọ̀."

Ìyàwó mi jáde láyé nígbà tí ewé ń já bọ́ lọ́dún tó kọjá. Tóyìn, ọmọ wa, ní kí n wá máa bá òun gbé ní ìlú Whitby. Àwọn tó wá kó ẹrù ní bẹ́ẹ̀dì náà kò lè gba ẹnu ọ̀nà, àfi kí àwọn fi ayùn gé e. Tóyìn fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo mú òòlù bàbá mi. Mo gbá èèkàn àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì yọ, gbígbẹ, mímọ́, òórùn kédárì sì tú jáde.

A ti tò ó padà ní Whitby. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ni mo ṣì ń sùn sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn kò lè fara da àlàfo tó tín-ín-rín bí irun. Èmi ń sùn ti àlàfo tí ìyàwó mi fi sílẹ̀, tó gba ìdajì bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì wá ohun tí màá fi dí i.