Ìtì Apá Tí Mo Gbé Lọ Bá Onílẹ̀ Etí Odò

Mo rántí ìgbà tí múdù àgbàdo kan di ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ní ọjà Ìpàta, tí ẹni tó bá ra méjì ń fi aṣọ bò ó lọ sílé bí ẹni jí ọmọ gbé. Òjò ló kọ̀. Odò Asa rù, a ń fẹsẹ̀ là á kọjá láìká ìró sókè. Odó ni mò ń tà nígbà náà: màá ra ìtì igi lọ́wọ́ àwọn ará Òkè-Oyì, agbẹ́dó á gbẹ́ ẹ, èmi á fi ẹnu tà á. Nígbà tí ọjà pọ̀ ju ìsọ̀ mi lọ, Alájì kan ní àdúgbò Gàmbàrí ní òun ní ilẹ̀ gbayawu létí odò, kí n san ogójì náírà fún ọdún kan. Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú àwọn odó yẹn.

Owó ilẹ̀ ti wà ní ìdí ìró mi lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan láti ilé ìwé gíga gbé ayùn dé. Ìtàn odò ló ní òun ń wá. Ó fẹ́ ra pẹlẹbẹ kan lára ìtì igi apá mi tí wọ́n gé ní bèbè odò. Mo ní náírà mẹ́ta. Ó san án láìná! Ó dùn mí wọnú eegun. Ká ní mo mọ̀, márùn-ún ni ǹ bá pè. Ó jókòó síwájú ìsọ̀ mi, ó fi sáńpépà ha igi náà títí ó fi dán, ó wá ń fi abẹ́rẹ́ tọ ìlà róbótó inú rẹ̀.

“Ìyá olódó, ẹ wò ó. Ọdún kan, ìlà kan. Èyí tó fẹ̀ yìí, òjò pọ̀, odò kún. Èyí tó há, ọ̀dá ni.”

“Wọ́n wá rán ẹ lọ síléèwé títí, kó o lè wá ka ìlà ikùn igi?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi tẹjú mọ́ ọn. Àwọn ìlà tó há fún mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀, kò sì síbi tí wọ́n ti fún mọ́ra tí àwọn tó fẹ̀ kò tẹ̀lé wọn. Mo bi í pé ìgbà wo wá ni òjò ń padà bọ̀.

“Igi ò mọ ọ̀la, mà. Àná nìkan ló mọ̀.”

Mo ní kò burú, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò mọ àná gan-an.

Mo yá pẹlẹbẹ náà, mo gbé e rù, ó di ọ̀dọ̀ Alájì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré tẹ̀lé mi: “Mà, ẹ rọra, ẹ má jẹ́ ó bọ́!”

“Alájì, ní gbogbo ọdún tó fẹ̀ wọ̀nyí, odò ló ń gbé orí ilẹ̀ yín. Ẹ fẹ́ gbowó ọdún kan lọ́wọ́ mi lórí ilé onílé?”

“Wálàhí, obìnrin yìí, igi lo gbé wá jẹ́rìí?”

“Igi kì í gba rìbá, Alájì.”

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀. A fẹnu kò sí náírà méjìlá, fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Bí òjò bá ti ń ṣú, màá kó ẹrù mi gòkè.

Lọ́dún kìíní tí mo kó o gòkè, òjò ò rọ̀ tó nǹkan. Àwọn obìnrin ọjà ń bi mí bóyá igi tún ti sọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì, odò dé. Ó gba ilẹ̀ Alájì, ó gba ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ yí i ká mọ́ ọn. Odó kan tí aláàárù gbàgbé síbẹ̀ léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, mo sì ń sáré tẹ̀lé e ní bèbè, mò ń bú u bí ẹní bú oníbàárà tó jẹ gbèsè sá lọ.

Alájì ti kú, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Wọ́n ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà báyìí, àwọn ayálégbé ń san owó ọdún méjì léraléra. Mi ò bá wọn sọ nǹkan kan. Ta ló bi mí? Èmi àti odò ò jà. Gbogbo ohun tó rí gbà lọ́wọ́ mi láyé kò ju náírà mẹ́rin àti àádọ́ta kọ́bọ̀ lọ, iye odó kan tó bá a lọ yẹn.