Ìṣẹ́jú Méje Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kejì nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, ni mo tẹ bọ́tìnnì kan tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ látìgbà náà.

Iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí òkè ilé kan láàárín Ìkẹjà àti Agége, níbi tí iléeṣẹ́ búrẹ́dì àti iléeṣẹ́ ọ̀rá ti fara kanra. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo kà jáde. Mo sin ìlú tán, wọ́n wá gbà mí fún oṣù mẹ́fà láti fi dán mi wò. Oṣù mẹ́fà yẹn ń bà mí lẹ́rù ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí ọ̀gá wa obìnrin bá pe orúkọ mi lásán, n ó máa ro ohun tí mo tún ṣe.

Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tó máa ń fi ìpolówó àti ìpè ìrun sórí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, bí a bá ti kọ àkókò wọn sínú sọ́fítíwíà. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà ti gbó gan-an. Àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà wa kọ̀wé pé tiwọn ò ní bá a ṣiṣẹ́ mọ́ láìpẹ́, ọ̀gá wá ní ká pààrọ̀ ètò náà sí tuntun. Bàbá onímọ̀-ẹ̀rọ wa ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ojú wọn ni wọ́n sì ṣe ri òpó rédíò wa mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ kírun Jímọ̀, wọ́n yíjú sí mi.

“Dúró dè mí o, alákọ̀wé. Ohun kan wà nínú ẹ̀rọ yìí tó jẹ́ èmi pẹ̀lú ẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n.”

Mi ò dúró. Mo fẹ́ kí ọ̀gá rí i pé mo wúlò, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́. Mo gbé ètò tuntun náà wọlé. Nígbà tó parí, ó bi mí bóyá kí òun máa mú aago látorí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ò fẹ́ kí aago rẹ̀ pé? Sọ́fítíwíà ṣí, ìpolówó dún, inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n lọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà. Wọ́n wá bi mí pé, “O ò fọwọ́ kan aago rẹ̀, àbí?”

“Rárá, sà.”

Mo ti gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́ nìyẹn, pé ẹ̀rọ ló bèèrè, èmi kàn dáhùn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹ̀rù ló bà mí, ahọ́n mi sì yára ju mí lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé aago kọ̀ǹpútà náà ti ń fi ìṣẹ́jú méje rẹ̀yìn láti ọdún pípẹ́. Bàbá ò tún un ṣe, torí sọ́fítíwíà máa ń ṣorí kunkun bí wọ́n bá yí aago. Dípò bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú méje ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú gbogbo àkókò tí wọ́n bá ń kọ sínú rẹ̀. Orí wọn nìkan ni ìṣirò náà wà.

Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn wa kì í gbọ́ ìpè mọ́ṣáláṣí nítorí ariwo ẹ̀rọ. Rédíò wa tí wọ́n so mọ́ ògiri ni wọ́n fi ń ṣínu. Lọ́jọ́ náà, aago méje ku ìṣẹ́jú méjìlá ni ìpè ìrun dún, dípò aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Yàrá wa ò ní fèrèsé, aago kọ̀ǹpútà náà nìkan sì ni Bàbá máa ń wò. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n fi dàbínù kan sẹ́nu, wọ́n mumi lé e. Kírísítẹ́nì ni mí, mi ò gbààwẹ̀, mo kàn kí wọn kú ìṣínu.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Olórí àwọn tó ń yan búrẹ́dì lẹni àkọ́kọ́. Kò pariwo rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. “Ẹ ti ba ààwẹ̀ wa jẹ́,” ló wí. “Oòrùn ṣì ń wò wá lójú níbí.” Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn. Oòrùn náà wà lórí páànù àwọn iléeṣẹ́, ó pọ́n bí ẹyinjú aláìsàn. A ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí ìpè mọ́ṣáláṣí tòótọ́ dún. Bàbá ò wẹ̀yìn.

Láàárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo yẹ ẹ̀rọ náà wò, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo ní kó má mú aago látorí ìńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, mo dá aago padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú méje, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo pe ìyẹn ní àtúnṣe. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú ètò tuntun náà tó ń tọ́jú gbogbo ìgbà tí aago bá yí padà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ó wà níbẹ̀ dòní. Kò tíì sẹ́ni tó ṣí i.

Nígbà tí Bàbá wá yẹ ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo nǹkan wà bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ka àwọn àkókò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, wọ́n tún wọn kà. Wọ́n ní àfi bó bá jẹ́ pé àwọn làwọn fọwọ́ ara àwọn tẹ ìpè náà kí àkókò tó tó, táwọn ò sì rántí. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn nígbà tí ọ̀gá fún wọn níwèé pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Wọ́n lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ búrẹ́dì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá ti yí padà látìgbà náà. Wọn kì í gun òpó mọ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á tún bi mí bóyá àwọn ti tì í. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ohunkóhun, wọ́n á pè mí kí n dúró tì wọ́n. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láìwojú mi.

“Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi náà nìyẹn. Nígbẹ̀yìn, wọn ò mọ ojúlé ara wọn mọ́.”

Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà, mo ń tẹ ohun tí ò nídìí.

Lánàá, wọ́n gbé bébà kan wá bá mi pé kí n bá àwọn fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ojú àwọn ò ríran dáadáa mọ́. Ìwé ìfẹ̀yìntì ni. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n fi mí sípò àwọn, torí pé olóòótọ́ ọmọ ni mí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni Bàbá máa buwọ́ lù ú.

Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán àyàfi ìlà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé ọ̀gá ni, àbí Bàbá? Bí mo bá sọ fún ọ̀gá, iṣẹ́ mi ti lọ, mo ti ń gbìyànjú láti gba ìyẹn mọ́ra. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń jókòó síwájú àgbàlagbà, kó sọ fún wọn pé orí wọn pé, pé òun lòun jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù pé kò pé láti ọjọ́ yìí wá?