Kókó Inú Iyán

Òórùn ẹja yíyan tí mo ń tà ni àlejò fi ń mọ ilé wa ní Ìfàkì. Bó bá ti pàdé rẹ lójú títì, o ti dé tán. Òun náà ló mú àwọn tó ń ṣe fíìmù wọlé wá. Wọ́n ní fíìmù ẹ̀rín ni, ti ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi pé òun ló ń gúnyán fún un. Mo rẹ́rìn-ín. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀, inú fíìmù náà ni kí wọ́n ti wá a.

Àsìkò yẹn, ọ̀rẹ́ mi, ilé wa ti tutù. Bàbá àwọn ọmọ mi kò bá mi jà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kọjá "o kú ọjà" mọ́. Á jẹun tán, á kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti sú u, pé lọ́jọ́ kan á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Òṣèré tó yẹ kó gúnyán wá ń gún un bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ọ̀gá wọn bá ní kí ọkọ mi ṣe ọkọ náà. Ọkùnrin tí kò gbé ọmọ odó rí látìgbà tó ti fẹ́ mi ló bọ́ ẹ̀wù, ó ń gún, òógùn ń dán lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin òṣèré tó ń ṣe ìyàwó sì ń fi etí ìborùn nù ún. Inú mi ń hó bí omi iṣu. Mo ṣáà ń yí ẹja mi lórí iná. Àfi bí ọmọbìnrin náà ṣe bu òkèlè, ó fẹ́ fi í sí ọkọ mi lẹ́nu, tí mo rí kókó wúruwùru nínú ẹ̀!

"Ẹ dúró ńbẹ̀! Ta ló fẹ́ jẹ iyán oníkókó nínú ulé mi? Ṣé kí gbogbo Èkìtì lè fi wá ṣẹlẹ́yà ni?"

Mo já wọ àárín wọn, mo gba ọmọ odó. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún.

"Ṣé iyán ló ń bí ọ nínú ni, àbí ọmọ ọlọ́mọ yìí?"

"Àwọn méjèèjì! Ẹ mú ọmọ odó kejì, kó tó tutù!"

Tirẹ̀ ń lọ sókè, tèmi ń bọ̀ wálẹ̀. Ọ̀gá wọn ní òun ò ní yọ ibẹ̀ kúrò nínú fíìmù.

Ìgbà tí a ń fọ odó ni ọkọ mi tó sọ ọ́ jáde: "Mo rò pé ẹja nìkan lo ń ṣọ́, pé mo ti sú ọ." Háà! Àṣé ìbẹ̀rù kan náà la jọ ń bá sùn, kálukú pẹ̀lú ògiri tirẹ̀.

Ní báyìí, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, òun ló ń gúnyán. Kókó ò kúrò nínú ẹ̀ títí dòní. Mo fura pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, kí n lè pariwo.