Ihò Tí Ojú Mi Kò Rí Rí

Katapílà kékeré tí ọkọ mi fi ń gbẹ́ gọ́tà dàgbà jù mí lọ. Ó ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ń ṣí bí ara ẹni tí oòrùn pa. Ṣùgbọ́n tiwa ni. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkọ mi ti ń wa ti ẹlòmíràn kó tó ra èyí. Àwọn òpópónà tóóró ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí katapílà ńlá kò lè yà sí, ni oúnjẹ wa ti ń wá.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí eyín ń lu eyín. Bóòtù méjì ló de ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ síítìn, ìyẹn rọ́bà tó jókòó lé, àwọn méjèèjì sì ń tú. Wọ́n á dì í, á tún tú. Tírẹ́ẹ̀dì inú ihò wọn, àwọn ìlà wínníwínní tó ń di bóòtù mú, ti jẹ tán. Ọkọ mi gé agolo mílíìkì ọmọ wa, ó fi wé bóòtù kó lè há. Ó há lóòótọ́. Àfi ọjọ́ tí katapílà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní Fọlá Agoro, tí bóòtù, agolo, gbogbo ẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni wọ́n wọ́ ọ wá.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní apá Onípanu ló wá wò ó. Ó mú agolo yẹn dání, ó bojú wò ó, ó ní ẹ ṣáà ti fún un ní mílíìkì, òun ni kò mu. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Òun á fẹ ihò yẹn lójú, òun á fi irin tí wọ́n ń pè ní táàpù gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, òun á wá yí búùṣì kékeré, òrùka irin tó ní tírẹ́ẹ̀dì nínú àti lẹ́yìn, sínú rẹ̀, tí bóòtù àtijọ́ á lè wọ̀. Ó ní ní Ìgbóbì, ní ilé ìwòsàn àwọn tó kán léegun, eegun ni wọ́n ń de irin mọ́. Ti òun, irin sí irin ni.

Ó wá kìlọ̀ fún wa. Táàpù le, ṣùgbọ́n ó máa ń kán bíi gíláàsì. Tó bá kán sínú ihò, kò sẹ́ni tó máa rí i yọ, ẹ́ńjìnnì yẹn ti parí nìyẹn. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í nu sípánà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n; bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá bà á.

Ihò àkọ́kọ́ wà lójútáyé, bàbá sì ṣe é láìsí wàhálà. Mo pọn ọmọ, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì, mò ń wò. Mi ò mọ̀ pé inú irin tó dúdú tó bẹ́ẹ̀ máa ń dán bẹ́ẹ̀. Èérún rẹ̀ ń já bọ́ wínníwínní, ó ń kọ mọ̀nà lórí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ̀yìn ni ìkejì wà, láàárín ẹ́ńjìnnì àti ara katapílà. Dìríìlì gígùn gba àlàfo kan wọlé, ó fẹ ihò náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó máa yí táàpù kò rí ọ̀nà. Ti ọkọ mi há ní ọrùn ọwọ́. Ìka bàbá ki bí iṣu. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nígbà tí búùṣì bọ́ lọ́wọ́ bàbá, tó sì jìn sínú ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo mú un jáde. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọ ohun ìṣeré ọmọ lábẹ́ fíríìjì.

Àwọn méjèèjì wojú ara wọn.

"Ìyàwó," bàbá ní, "tún ki ọwọ́ ẹ bọ ibẹ̀ kí n rí i."

Ó wọlé dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ló sọ fún ọkọ mi, "ọmọdé la máa bẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ọmọdé wo? Èmi tí mo pọn ọmọ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi ọkọ mi léèrè pé tó bá wá kán mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Kò sọ pé kò ní í kán. Ó tú ọmọ lẹ́yìn mi, ó gbé e mọ́ àyà.

"Tó bá kán, àwa méjèèjì la jọ kán an."

Mo ki táàpù bọ ihò náà, mo yí i síwájú díẹ̀, mo dá a padà díẹ̀ kó lè pọ èérún irin, bí bàbá ṣe ń wí. Ojú mi kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló ń ríran. Táàpù dé ibì kan, ó dúró. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lára pé irin yẹn ń lọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi, bí ẹ̀ka igi tó kù díẹ̀ kó dá. Ọkọ mi rí ojú mi, ó ṣíwọ́ gbígbá ọmọ lẹ́yìn.

"Má bá a jà," bàbá ní jẹ́jẹ́. "Dá a padà."

Mo dá a padà. Ó gbà. Èérún irin tó gbóná dà sí mi lọ́rùn ọwọ́, mo tún yí i síwájú, ó lọ.

Nígbà tí mo yọ táàpù tán, bàbá ní kí n fi ìka wo ihò náà. Ẹ̀rù jẹ́jẹ́ kan bà mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ wa fi ń sunkún ṣáá, ìka yìí kan náà ni mo fi kan èrìgì rẹ̀ tí mo bá ohun kan tó mú ṣáṣá níbi tó ti ń dán tẹ́lẹ̀, eyín tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Irin tó dàgbà jù mí lọ ti hu eyín tuntun.

Mo yí búùṣì sí i. Mo fi ìka méjì yí bóòtù bí ìdérí ìgò, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi jókòó. Bàbá ki sípánà gígùn gba ojú àlàfo, ó fún un pa.

Wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Mo ń retí ibà yẹn. Kò wá. Ó ń kùn geerege lójú kan, ọmọ sì sùn lọ láyà bàbá rẹ̀. Ọkọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó pẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ mi tó kún fún ọ́ìlì, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Títí di òní, mi ò rí ihò yẹn. Bàbá kò rí i, ọkọ mi náà kò rí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà nídìí ìkòkò, tí mo gbọ́ ìró katapílà wa láti òpópónà kejì, ìka mi máa ń mọ ibi tí bóòtù yẹn wà, tó di ẹ́ńjìnnì mú.